Efuru fi ilé ọkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: ṣé ó pàdánù ni, àbí ó bọ́?

Ìbéèrè òǹkàwé kan:

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka Efuru tán, ìwé ìtàn àròsọ tí Flora Nwapa gbé jáde ní 1966. Gbogbo ẹni tó júwe rẹ̀ fún mi ló ní ìtàn obìnrin tó dá dúró ni, pé kò ka ohun tí ayé ń wí sí. Mo kà á dé ìparí, mi ò rí i. Ọkọ àkọ́kọ́ sá lọ. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí kú. Ọkọ kejì pè é ní alágbèrè nígbà tó wà lórí àìsàn. Níkẹyìn ó padà sílé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ òfo, bàbá náà sì ti kú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìwé yìí, kí lẹ rí níbẹ̀ tó ń jẹ́ òmìnira? Àbí ẹni tí ìyà jẹ tí kò sunkún la wá ń pè lákọni báyìí?

* * *

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yẹn ló ṣẹlẹ̀ nínú ìwé, àfi "lọ́wọ́ òfo". Ibẹ̀ ni mo ti takò yín.

Ẹ padà síbi tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Nwashike Ogene ni Efuru, èèyàn ńlá nílùú tó wà lẹ́bàá adágún Oguta, ní ìpínlẹ̀ Ímò ti òní. Ó fẹ́ràn Adizua, àgbẹ̀ tí kò rí owó orí san. Ó kó lọ sílé rẹ̀ láìsọ fún bàbá rẹ̀. Nígbà tí àsìkò oko dé, tí ọkọ ń palẹ̀ mọ́, Efuru ní òun ò bá a lọ o, a ò dá òun fún iṣẹ́ oko, òwò lòun máa ṣe. Kò bẹ̀bẹ̀, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó sọ ohun tó máa ṣe, ó sì ṣe é. Òwò yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí òun àti ọkọ rẹ̀ rówó kó jọ, tí wọ́n fi lọ san owó orí náà nígbà tó yá.

Ẹ rò ó wò. Obìnrin tó tẹ òfin ìgbéyàwó lójú, tó wá fi òógùn ara rẹ̀ tún un ṣe nígbà tó wù ú. Kò sá fún àṣà, kò sì jẹ́ kí àṣà lé òun ré.

Láti ibẹ̀ dé òpin ìwé, owó ò wọ́n lọ́wọ́ Efuru. Ó ń ta edé, ó ń ta oríṣiríṣi. Nwosu àti ìyàwó rẹ̀ Nwabata jẹ ẹ́ lówó. Òun ló mú Nnona, ìyá arúgbó tí ẹsẹ̀ ń dà láàmú, lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹni táwọn ará ìlú ń wá yá owó lọ́dọ̀ rẹ̀, tó jáde nílé ọkọ tí òwò rẹ̀ sì bá a jáde, kí ló fi jọ ọlọ́wọ́ òfo? Ẹ ò rí ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ò rí ọkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni ẹ bá ní kò ní nǹkan kan. Báwọn obìnrin tó wà létí odò nínú ìwé náà ṣe dá a lẹ́jọ́ gan-an nìyẹn.

* * *

Ẹ̀yin mélòó kan ti sọ pé ibi tí Efuru ti já yín kulẹ̀ ni pé nígbà tí Adizua bá obìnrin mìíràn lọ, ó jókòó dè é, ó tún wá a kiri. Ẹ ní obìnrin tó mọyì ara rẹ̀ ì bá ti kẹ́rù lọ́jọ́ tó gbọ́.

Ó dúró dè é lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi wé Ossai, ìyá ọkọ rẹ̀. Ọkọ Ossai náà sá fi í sílẹ̀ nígbà tiẹ̀. Ó jókòó fún ọdún gbọọrọ. Ọkùnrin náà ò padà àfìgbà tí àìsàn ti jẹ ẹ́ tán, ó kú sọ́wọ́ rẹ̀, Ossai sì gbé ìfaradà yẹn bí ẹni gbé oyè títí ayé rẹ̀ fi bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ajanupu, ọmọ ìyá rẹ̀, sọ ọ́ sí i lójú pé kò sí ògo kankan nínú irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Efuru rí Ossai lójoojúmọ́. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ó bọ̀wọ̀ fún un, ó sì pinnu pé òun ò ní dà bíi rẹ̀. Nígbà tí Ogonim ọmọ rẹ̀ kú, tí bàbá ọmọ ò yọjú síbi òkú, ó wá ọkùnrin náà lọ, kò rí i. Ó dìde lọ sílé bàbá rẹ̀.

Èmi ò ka dídúró yẹn sí àìlera. Nígbà tó jáde, kò sẹ́ni tó lè ní ó kánjú. Ìyá ọkọ rẹ̀ pàápàá ò rí ẹ̀sùn kà sí i lẹ́sẹ̀.

Mo ní àǹtí kan, àbúrò bàbá mi, tó jókòó bí Ossai. Nígbà tó kú, gbogbo ẹni tó gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ ara wọn ló ń yìn ín pé ó fara dà á, pé ó gbélé ọkọ. Mo dúró níbẹ̀ kí ẹnì kan sọ ohun tó fẹ́ràn, ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín, iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Inú bí mi dé ilé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Ossai kì í fi í ṣe ìtàn lásán lójú mi, tí mo sì máa ń bínú bí ẹnikẹ́ni bá fi Efuru sínú àpò kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

* * *

Ní kúkúrú, fún ẹni tó ní ìwé náà "kún fún òfófó ju bó ṣe yẹ lọ": àwọn alárìíwísí kan sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tí ìwé náà jáde. Bẹ́ẹ̀, òfófó yẹn gan-an ni ìdájọ́ àwùjọ. Níbo lẹ rò pé wọ́n ti ń dájọ́ obìnrin? Kì í ṣe ní kọ́ọ̀tù. Etí odò ni, ọjà ni, ẹnu ọ̀nà ilé aládùúgbò ni. Àwọn aládùúgbò ń sọ pé ọkùnrin méjì kì í gbé inú ilé kan, pé obìnrin tí kò bímọ, ẹlẹ́gbẹ́ ọkùnrin ni. Omirima olófòófó ń wọlé, ó ń jáde, ó ń kó ọ̀rọ̀ lọ sétí ìyá Gilbert, ọkọ kejì. Ẹnu ayé lẹbọ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Nwapa kọ ẹnu ayé sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí a lè gbọ́ bó ṣe ń rẹ èèyàn láti gbé àárín rẹ̀. Bí ó bá sú yín láti kà, ẹ ro ti ẹni tó ń gbé inú rẹ̀.

* * *

Ìbéèrè mìíràn wọlé: bí Uhamiri bá jẹ́ òrìṣà omi, tó sì jẹ́ òun ló yan Efuru, kí ló dé tí kò fún un lọ́mọ? Ṣé òrìṣà náà ò ṣiṣẹ́ ni?

Ojú Ọ̀ṣun la fi ń wo Uhamiri, ohun tó fà á nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, omi ni a ń lọ tọrọ ọmọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá dé Òṣogbo nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ á rí àwọn obìnrin tó ń fi kèrègbè bu omi, tí wọ́n ń bẹ Yèyé fún ọmọ, tí àwọn tó ti rí gbà sì ń padà wá dúpẹ́. Nítorí náà, bí a bá ti rí obìnrin adágún nínú ìwé kan, a ti ń retí ìkókó.

Uhamiri kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìwé Nwapa. Ó lẹ́wà, ó lówó, ó ń gbé ìsàlẹ̀ adágún, òun fúnra rẹ̀ ò sì bímọ rí. Àwọn tó bá yàn máa ń lówó, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í bímọ púpọ̀. Dìbíà, ìyẹn babaláwo àwọn Ìgbò, sọ fún Efuru ohun tí yóò máa ṣe: ọjọ́ Orie, aṣọ funfun, kò gbọdọ̀ jẹ iṣu, kò sì gbọdọ̀ bá ọkọ rẹ̀ sùn.

Àwọn tó ń jiyàn nípa ìwé yìí máa ń kọjá lórí ọjọ́ Orie wéré, ó sì ń ká mi lára. Ọ̀sẹ̀ àwọn Ìgbò, ọjọ́ mẹ́rin ni: Eke, Orie, Afọ, Nkwọ. Ìyẹn ni pé nínú gbogbo ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ kan wà tí Efuru jẹ́ ti ara rẹ̀. Ọkọ kò lè pè é. Kò sí ẹjọ́ níbẹ̀, torí kì í ṣe òun ló kọ̀, òrìṣà ló kọ̀ ọ́. Ìlú tó ń fi àìrọ́mọbí rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ tún gbọ́dọ̀ wo aṣọ funfun lára rẹ̀, kí wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún un. Ipò kan ti wà nílẹ̀ láàárín àwùjọ yẹn fún obìnrin tí kì í ṣe ìyá ọmọ, ipò tó lọ́lá, Efuru sì wọ inú rẹ̀. Ẹni tó ní ó jà pẹ̀lú àṣà ò ka ibẹ̀ dáadáa. Inú àṣà ló ti rí ìlẹ̀kùn tó gbà jáde.

Gbólóhùn tó parí ìwé náà ń béèrè pé kí ló dé táwọn obìnrin ń sin Uhamiri tí kò bímọ, tí kò sì mọ ayọ̀ jíjẹ́ ìyá. Buchi Emecheta mú orúkọ ìwé tirẹ̀ ti 1979, The Joys of Motherhood, láti inú ìbéèrè yẹn. Nínú ìwé Emecheta, obìnrin tó bí ọ̀pọ̀ ọmọ, tó fi gbogbo ara tọ́ wọn, ẹ̀bá ọ̀nà ló kú sí láìsí ọmọ kankan nítòsí. Ẹ ka méjèèjì tẹ̀ léra kí ẹ tó padà wá sọ fún mi pé ọmọ nìkan ni ìdáhùn.

* * *

Ẹnì kan ní ìtàn àlá ni, pé obìnrin ayé ìgbà yẹn ò lè rí bẹ́ẹ̀. Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Ní 1929, àwọn obìnrin agbègbè Owerri àti Calabar dìde sí owó orí tí ìjọba ń gbà àti sí àwọn ìjòyè tí òyìnbó yàn lé wọn lórí, ìjọba òyìnbó sì yìnbọn pa obìnrin tó lé ní 50. Ní Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin ọjà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó sòdí jà títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní 1949. Oguta tí wọ́n ti bí Nwapa ní 1931, ìlú òwò orí omi ni, àárín àwọn obìnrin olówò ló sì dàgbà sí. Ẹni tó bí Efuru ò lọ jìnnà wá a.

* * *

Ọ̀rọ̀ ti yà díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n yà á sí i, torí ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn.

Àwa Yorùbá náà ní obìnrin olówó tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kú. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn. Ọmọbìnrin rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀. Kí la fi í ṣe? Nínú eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá tó jáde ní 1970, eré tí ọ̀pọ̀ wa kà nílé ìwé, ìkà tí kò fẹ́ kí ẹrú rẹ̀ kankan bímọ ni, torí òun ò ní ọmọ. Bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ fún ọmọdé lónìí, "ìkà" ni yóò kọ́kọ́ sọ. Eré náà dára, èdè rẹ̀ dùn gan-an, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látòóṣà fi kàn án ní 1874 kí wọ́n tó rọ̀ ọ́ lóyè, kí wọ́n sì tó ní kí wọ́n lọ pa á, bí Samuel Johnson ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀: pé kò bá òun lọ sógun, pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sójú ogun, pé kò jáde wá kí òun káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ agbára àti ọ̀rọ̀ owó ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí ẹrú kankan nínú rẹ̀. Mi ò ní Ẹfúnṣetán ò ṣìkà o, ẹni tó kó ẹrú jọ tó bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ ẹni mímọ́. Ohun tí mo ń wí ni pé obìnrin tó lówó tí kò sì ní ọmọ, ìtàn kan ṣoṣo la mọ̀ ọ́n sọ nípa rẹ̀: ọkàn rẹ̀ ti gbẹ, owó rẹ̀ ti di ègún.

Nwapa kọ irú obìnrin kan náà, ó lówó, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kú, ó sì jẹ́ kó máa ṣàánú. Kò sọ ọ́ di àjẹ́. Kò sọ ọ́ di wèrè. Kò pa á. Ẹ ò mọ bí èyí ṣe ṣọ̀wọ́n tó. Ẹ wo àwọn fíìmù wa, ẹ ka iye ìyá olówó tí kò bímọ tí wọ́n jẹ́ kó sùn dáadáa títí tí ìtàn fi parí.

* * *

Ó dáa, ẹ ti tẹ̀ mí mọ́ ògiri lórí ti Nkoyeni, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni ìwé náà ti le jù.

Fún àwọn tí kò tíì kà á: nígbà tí Efuru ò tètè lóyún nílé Gilbert, ìyàwó mìíràn ni wọ́n wá fún ọkùnrin náà, Nkoyeni, Efuru sì lọ́wọ́ sí i. Òǹkàwé kan bi mí pé òmìnira wo ni ti obìnrin tó ń bá ọkọ rẹ̀ wá orogún? Àwọn kan dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni àṣà wí, ọ̀rọ̀ tán. Ìdáhùn yẹn ò tó. Àwọn mìíràn ní ìyálé ló ń di ọ̀gá ilé, pé ọgbọ́n ni, kó lè yan ẹni tó máa gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ìyẹn sún mọ́ ọn díẹ̀, torí Omirima ti ń ti ìyá Gilbert láti wá ìyàwó fún ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá rí ìjì tó ń bọ̀ máa ń fẹ́ mọ ẹni tó máa wọlé tọ òun wá.

Síbẹ̀, ta ló bi Nkoyeni ní ohun tó wù ú? Òmìnira Efuru dúró lórí owó àti ọlá tí kò sí lọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn. Nígbà tó yá tí wọ́n gbọ́ pé Gilbert ti bí ọmọkùnrin kan síta tipẹ́, Efuru gbé e mì. Nkoyeni ni kò lè gbé e mì, òun ló bínú. Bí mo bá ń kà á, Nkoyeni ni mo máa ń gbè lójú ìwé yẹn.

* * *

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí padà wá. Ó ní òun gbà nípa owó, ṣùgbọ́n ó ní: "Gilbert ló lé e jáde pẹ̀lú ẹ̀sùn àgbèrè. Kò yàn án. Báwo lẹ ṣe ń pè é ní ìpinnu tirẹ̀?"

Ẹ padà ka ibẹ̀, àbúrò mi. Àìsàn dá Efuru wólẹ̀. Ọ̀rọ̀ tàn kálẹ̀ pé àgbèrè ló ṣe, pé kó jẹ́wọ́ kó má bàa kú, Gilbert náà sì gbà á gbọ́. Ọkọ tí kò sí níbi òkú bàbá Efuru torí ó wà lẹ́wọ̀n, tí Efuru sì gbà á padà. Ajanupu lọ ko ọkùnrin náà lójú, Gilbert gbá a létí, Ajanupu sì fa ọmọ odó yọ, ó fọ́ ọ mọ́ ọn lórí títí ó fi dèrò ọsíbítù. (Ọmọ ìyá ìyá ọkọ àkọ́kọ́ nìyẹn o, kì í ṣe ẹbí Efuru. Ẹ ṣàkíyèsí ẹni tó jà fún un.) Efuru gba ìtọ́jú, ara rẹ̀ yá. Ó wá lọ búra níwájú òrìṣà pé ọwọ́ òun mọ́, ìbúra náà ò mú un. Gbogbo ìlú rí i. Ó ti jàre.

Ẹ̀yìn ìgbà tó jàre ló lọ. Kò sẹ́ni tó lé e. Ó lè jókòó, kí wọ́n máa bẹ̀ ẹ́, kí ó sì máa gbé bí ìyálé tí a ṣẹ̀, ọ̀pọ̀ ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ó búra kí orúkọ rẹ̀ lè mọ́ lójú ìlú, kì í ṣe kí Gilbert lè gbà á padà.

Ẹ tún béèrè bóyá ó yẹ kí Nwapa fún un ní ọkọ kẹta, dókítà yẹn tí wọ́n jọ mọra láti kékeré bóyá. Rárá o. Ọkọ kẹta á sọ méjì àkọ́kọ́ di àṣìṣe tí a ń ṣàtúnṣe, ìtàn náà á wá di ìtàn bí obìnrin ṣe ń wá ọkọ gidi kiri. Bó ṣe wà yìí, ó wà nílé bàbá rẹ̀, òwò rẹ̀ ń lọ, Ajanupu wà lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ Orie ń bọ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin. Ó dá wà, òótọ́ ni, ó sì dùn ún. Mi ò rí ojú ìwé kankan tó ti ní kò dun òun.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ bá mi jiyàn, ẹ jẹ́ ká fi ti Gilbert sílẹ̀. Ẹ padà síbi ọ̀rọ̀ Nkoyeni. Ẹni tó bá lè ṣàlàyé fún mi ohun tí Efuru jẹ ọmọbìnrin yẹn, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀, màá kà á.